Ibùsọ̀ Mélòó Ló Kù?

Bí ẹ bá yà kúrò lójú títì ọ̀dà ní agbègbè Òkìtìpupa, tí ẹ gba ọ̀nà oko, tí ẹ wá bi ìyá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó?", nọ́ńbà kọ́ ni ẹ ó gbọ́. "Kò jìnnà, ọmọ mi. Ibí náà ni. Ṣáà máa lọ." Ẹ ó rìn títí, òógùn á bò yín, ẹ ó bi ẹlòmíì, òun náà á ní, "O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé e tán." Àwa ọmọ ìgboro ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà títí ó fi sú àwàdà fúnra rẹ̀. A ní "ibí náà ni" ti ará oko lè gba odidi wákàtí méjì. A ní wọn kò mọ ìṣirò.

Lójú tiwa, ìbéèrè wa ni kò bá ọ̀nà mu. Ohun tí à ń bèèrè ni gígùn ilẹ̀. Ohun tí ìyá yẹn ń wọ̀n ni ènìyàn tó fẹ́ rin ilẹ̀ náà: ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrù orí rẹ̀, bí oòrùn ṣe kù tó lójú ọ̀run. Ìwọ̀n méjèèjì ló ní ìtàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé. Èkejì ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ní oko Ìkálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ní oko Yorùbá káàkiri, ojú ni ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ohun tó wà "lọ́ọ̀ọ́kán" ni èyí tó dojú kọ wá tààrà, tí a lè nà ní ìka. Lẹ́yìn náà ni "ibi tí ojú lè rí dé." Bí ojú kò bá rí i mọ́, ó ku etí: ibi tí a ti lè pe ènìyàn kó sì jẹ́ wa, ibi tí a ti ń gbọ́ àkùkọ ìlú. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀, tó gbọ́ àkùkọ, mọ̀ pé ilé ti dé. Apá náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ìsọ̀kò kan, ìyẹn ibi tí òkò lè dé bí a bá sọ ọ́, àti ìtafà kan, tó jẹ́ ti ọdẹ àti ti jagunjagun. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò ní láti wá ọ̀rọ̀ jìnnà nígbà tí wọ́n kan irú ìwọ̀n báyìí nínú ìwé àwọn Júù. Wọ́n bá a nílẹ̀ ni.

Ìwọ̀n kéékèèké wà lára ènìyàn: ìka, àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀, ìṣísẹ̀. Àgbẹ̀ kì í sọ pé oko òun gùn tó báyìí. Á ní òun kọ igba ebè. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí ẹ bá gbọ́ títóbi oko, ẹ ti gbọ́ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀nà bá wá jìnnà kọjá ojú àti etí, oòrùn ló kù. "Bí o bá jáde ní àkùkọ, wàá débẹ̀ ní ìyálẹ̀ta." Ìyálẹ̀ta ni àsìkò tí oòrùn òwúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹni tó gbọ́ gbólóhùn yìí ti mọ ìgbà tó yẹ kó jí, ó mọ̀ bóyá ó yẹ kó gbé oúnjẹ dání, ó sì mọ̀ bóyá òun lè padà lọ́jọ́ kan náà. Èwo nínú wọn ni kìlómítà lè sọ fún un? Bó bá tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ìrìn ọjọ́ kan, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta.

Kódà ohùn gan-an ń wọn ọ̀nà. "Lọ́hùn-ún" kúkúrú yàtọ̀ sí "lọ́hùn-ún-ún-ún" tí a fà, tí a sì fi ìka tẹ̀lé. Ẹni tó bá fà á gùn ti sọ fún yín kí ẹ di bàtà yín dáadáa. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi réré, gbọọrọ àti pẹ́kí tún wà. Ó jìnnà réré, ọ̀nà náà lọ gbọọrọ, wọ́n pàdé ní pẹ́kí-n-pẹ́kí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé mítà mélòó ló wà nínú réré, síbẹ̀ ó yé gbogbo wa.

Ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Abíọ́dún Adétúgbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia lọ́dún 1967, pín àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá sí agbègbè, ó sì fi Ìkálẹ̀ sí ọ̀wọ́ gúúsù ìlà-oòrùn pẹ̀lú Ìlàjẹ, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀, ẹni tó ń lọ sí ilé ń "yún ulí." Ẹni tó bá fi "yún" yìí rẹ́rìn-ín pé èdè ará oko ni, kó rántí òwe tí gbogbo Yorùbá ń pa: àyúnlọ àyúnbọ̀ lọwọ́ ń yún ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ilé-ìwé fi pamọ́ sínú òwe, Ìkálẹ̀ ṣì ń fi í rìn lójoojúmọ́.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọ̀nà wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí a fẹ́ dúró tì: ibùsọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ibùsọ̀ ni orúkọ Yorùbá fún máìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé atúmọ̀ èdè máa ń wí, bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe ń bá a pàdé nínú Bíbélì Yorùbá òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ tú u wò. Ibùsùn ni ibi tí a ń sùn. Ibùjókòó ni ibi tí a ń jókòó. Ibùdó ni ibi tí a dó sí. Ibùsọ̀ ńkọ́? Ibi tí a ti ń sọ̀ ni. Ẹni tó ru ẹrù, tó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e sílẹ̀, á ní, "Ẹ sọ̀ mí." Nítorí náà, ibùsọ̀ ni ibi tí ọrùn ti ní ó tó gẹ́ẹ́, tí a sọ ẹrù kalẹ̀, tí a tún òṣùká ká, tí a mu omi. Ibùsọ̀ kan ni ìrìn tí ènìyàn lè rìn pẹ̀lú ẹrù lórí láàárín ìsinmi kan sí òmíràn.

Ẹ ti rí i pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ iye kan náà níbi gbogbo. Lórí òkè, ibùsọ̀ á kúrú. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, á gùn. Nígbà òjò tí ọ̀nà yọ̀, á tún kúrú sí i. Aláàárù méjì tó rin ọ̀nà kan náà lè ka ibùsọ̀ tó yàtọ̀ síra, kí àwọn méjèèjì má sì parọ́.

Ìdí rèé tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fi yẹ fún ìtàn yìí. Ìkálẹ̀ wà láàárín méjì. Lápá gúúsù ni omi àti àbàtà Ìlàjẹ. Lápá àríwá ni igbó tó lọ títí dé Oǹdó. Ẹni tó bá ń ti etí òkun bọ̀ wá sí òkè, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ á ti gúnlẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láti nǹkan bí ọdún 1870, ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ yìí di ohun pàtàkì nínú ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà náà, ogun àti ìjà òwò ń mú kí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà Ẹ̀gbá máa pa dé mọ́ àwọn tó fẹ́ gbé ọjà láti Èkó lọ sí àárín ilẹ̀ Yorùbá. John Hawley Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọkọ̀ á ti Èkó gba ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn, á dé àwọn èbúté bí Atijere àti Aiyesan. Láti ibẹ̀, ó di ẹsẹ̀: igbó títí dé Òde-Oǹdó, ká tó máa lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébánjí Akíntóyè, onímọ̀ ìtàn, kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lé e lórí lọ́dún 1969.

Nígbà tí ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ lọ́dún 1877, ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ń kó ìbọn ìgbàlódé àti ẹ̀tù ránṣẹ́ sílé. Ogun náà kò tú ká pátápátá títí di 1893. Kó tó di ìgbà yẹn, lọ́dún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ti ṣí. Ojú irin dé Ìbàdàn lẹ́yìn náà, wọ́n sì ṣí i fún ìrìn àjò lọ́dún 1901. Bí Ọ̀nà Oǹdó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko nìyẹn.

Ẹ wo ìrìn àjò yẹn bí ẹni tó rìn ín ṣe máa kà á. Lórí ọ̀sà, ọkọ̀ ló ru ẹrù. Ìwọ̀n tó wà ni ti ọjọ́ àti ti òru, ti atẹ́gùn, ti apá àwọn tó ń wa ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ìwọ̀n á yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ ti bọ́ sórí ènìyàn. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn, àgbá ẹ̀tù: orí ni gbogbo rẹ̀ gùn. Igbó náà kò gba kẹ̀kẹ́ ẹrù, kòkòrò tó ń pa ẹṣin àti màlúù sì wà níbẹ̀. Ẹrù orí tí àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà máa ń dá lé aláàárù kan jẹ́ bíi kìlógírámù 25 sí 30. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan wò, kìlógírámù 50 ni. Ìdajì rẹ̀, tàbí kó lé díẹ̀, ló wà lórí yẹn, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn wo ló rù ú? Àwọn oníṣòwò fúnra wọn àti àwọn obìnrin ilé wọn. Aláàárù tó ń gba owó. Ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ san èlé gbèsè tí òmíràn jẹ. Ẹrú tí kò ní ẹnu láti sọ pé ó rẹ òun. Púpọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Ìwé ìtàn kọ orúkọ Glover, ó kọ orúkọ àwọn ọba àti àwọn balógun. Ti àwọn aláàárù, inú ọ̀rọ̀ kan ló wà. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá pe "ibùsọ̀," ọrùn wọn ló ń dárúkọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Máìlì ńkọ́? Òun náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹgbẹ̀rún ni ó ti wá: ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù, tí wọ́n ń ka òsì àti ọ̀tún pọ̀ mọ́ ọ̀kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní furlong. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gígùn poro oko, ibi tí màlúù lè fa ohun ìtúlẹ̀ dé kó tó sinmi. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ibùsọ̀ màlúù ni! Lọ́dún 1593, lábẹ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, òfin sọ pé furlong 8 ni máìlì kan, ẹsẹ̀ bàtà 5,280. Láti ọjọ́ yẹn ni máìlì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Òyìnbó àgbẹ̀ àti baba àgbẹ̀ ní Ìgbótakò ń wọn ilẹ̀ bákan náà títí ìjọba ọ̀kan fi ṣe òfin lé e.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gbé máìlì wọn dání, wọ́n ri òkúta rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn òkúta náà di orúkọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe ní Mile 2 àti Mile 12, tí ẹni tó ń ra tòmátò níbẹ̀ lónìí kò bèèrè pé láti ibo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka méjìlá náà. Àwọn atúmọ̀ èdè nílò ọ̀rọ̀ Yorùbá fún máìlì, wọ́n mú ibùsọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń nà tó sì ń sún kì pẹ̀lú ènìyàn wá di mítà 1,609 gbáko. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, tí ìjọba Nàìjíríà tún kó wa kúrò nínú máìlì bọ́ sínú kìlómítà, ibùsọ̀ tún pàdánù iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún un. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò gbọ́ ọ rí àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ó yẹ kí ìwọ̀n ní ìdí kan tí a ti ń kà á. Ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, "Òde" tó wà níwájú orúkọ ìlú ń sọ fún yín pé olú-ìlú nìyí: Òde-Ìrèlè, Òde-Ayé, Òde-Oǹdó. Òkìtìpupa gan-an, Òde-Ìdẹ̀pé ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí òkìtì ilẹ̀ pupa tó gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òde ni àárín, ibẹ̀ ni àwọn abúlé àti abà ti ń ka bí àwọn ṣe jìnnà tó. Àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù náà ní Òde tiwọn: láti Charing Cross, níbi tí ère Ọba Charles Kìíní wà, ni wọ́n ti ń ka máìlì sí ìlú mìíràn.

A kò sọ pé ká sọ kìlómítà nù o. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ ri páìpù omi mọ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ fa wáyà iná, nílò ìwọ̀n tí kì í yí padà. Àlejò náà nílò rẹ̀, nítorí "bí o bá ti gbọ́ àkùkọ" kò wúlò fún ẹni tí kò mọ abúlé wo ni àkùkọ náà wà. "Ibí náà ni" ti ìyá àgbà tún ní ìwà ọmọlúàbí nínú. A kì í sọ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà pé ọ̀nà ṣì pọ̀ níwájú, kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ìtùnú ni, kì í ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá fi ìtùnú ṣe ìṣirò, ojú rẹ̀ á rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kìlómítà nìkan lè fà. Àwọn tó ń ṣètò ìlera máa ń lo kìlómítà 5 láti mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn súnmọ́ aráàlú tó. Wọ́n á fi ilé ìwòsàn sáàárín máàpù, wọ́n á fa róbótó yí i ká, wọ́n á ní gbogbo ẹni tó wà nínú róbótó ti ní ìtọ́jú nítòsí. Ní ilẹ̀ bíi ti Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, odò lè wà nínú róbótó yẹn. Àbàtà lè wà níbẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ lè là kọjá lẹ́ẹ̀rùn, tó di omi nígbà òjò. Lójú máàpù, aboyún tó ń rọbí ní òdìkejì odò kò jìnnà. Ẹ bi ìyá rẹ̀. Á sọ fún yín pé lóṣù kẹfà, ó jìnnà. Ìdáhùn ìyá náà ló yẹ kó wà lórí tábìlì àwọn aṣètò, kìlómítà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń pa àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lẹ́rìn-ín ni pé ayé tuntun ti yí padà sí ọ̀nà àwọn àgbà láìmọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sáfà kan jìnnà, ẹ kì í bèèrè kìlómítà. Ẹ ó rán iṣẹ́ kékeré sí i, ẹ ó ka ìṣẹ́jú àáyá tí iṣẹ́ náà fi lọ tó fi bọ̀. Àyúnlọ àyúnbọ̀ gan-an nìyẹn. Sáfà tó wà ní ìlú kejì lè "jìnnà" ju èyí tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè lọ, bí ọ̀nà ibẹ̀ bá dí. Google Maps náà mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ńlá tó máa ń fi hàn yín ni ìṣẹ́jú, kìlómítà á wà lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré, nítorí pé kìlómítà 10 ní Èkó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe kìlómítà 10 ní ọ̀gànjọ́ òru. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gan-an, nígbà tí kìlómítà sú wọn, ìrìn ìmọ́lẹ̀ láàárín ọdún kan ni wọ́n fi ń wọn òfúrufú. Ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù lọ wà ní ìrìn ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn ọdún mẹ́rin: ọgbọ́n kan náà ni.

Ní Òkìtìpupa lónìí, ẹni tí ẹ bá bi léèrè ọ̀nà lè sọ pé, "Ọ̀kadà igba náírà ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta báyìí." Ilẹ̀ kò gùn sí i, epo ló wọ́n. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ lọ, ibẹ̀ ti jìnnà sí i lóòótọ́. Èdè náà kò tíì kú, ó kàn gun ọ̀kadà ni.

Ohun tó ń kú ni orúkọ. Bí ẹ bá ṣí máàpù, tí ẹ fà á súnmọ́ àwọn ọ̀nà oko láàárín Ìlú-Títun àti Òde-Ìrèlè, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ìlà tí kò ní orúkọ. Máàpù Google tiẹ̀ máa ń kọ "Unnamed Road" sára irú wọn, bíi pé kò sẹ́ni tó sọ wọ́n lórúkọ rí. Àwọn ọ̀nà yẹn lórúkọ. Igi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù lórúkọ, ibi tí wọ́n ti ń dúró mu omi lórúkọ, odò tí wọ́n ń ré kọjá lórúkọ. Orí àwọn àgbà ni àwọn orúkọ náà wà, kò tíì bọ́ sórí máàpù. OpenStreetMap wà láti ọdún 2004, ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sì tó o ṣe.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yín, ẹ má bi í pé báwo ni oko ṣe jìnnà tó. Ẹ mọ ìdáhùn ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí fóònù yín kó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ wá bi í pé, "Mọ́mọ́, nígbà tí ẹ ṣì ń ru ẹrù lọ sọ́jà, níbo àti níbo lẹ ti máa ń sọ̀?"